Odò Murrumbidgee: bí ẹ ṣe lè tẹ̀lé e, tukọ̀ lórí rẹ̀, kí ẹ sì pẹja níbẹ̀ láìkó sí wàhálà

Odò Murrumbidgee, ní inú ilẹ̀ Ọsirélíà lọ́hùn-ún, máa ń ya àlejò lẹ́nu. Ẹ dé etí rẹ̀ ní ìlú Wagga Wagga nínú oṣù Kìíní, tí oòrùn ń mú janjan, tí koríko ti gbẹ, tí òjò ti jìnnà, ẹ ó bá omi tó kún tó sì ń ṣàn kíkankíkan. Ẹ padà wá nínú oṣù Keje tí òtútù ń mú, ojú ọ̀run sì ṣú, ẹ ó rí i pé omi ti fà, iyanrìn ti yọ, kùkùté igi ti hàn síta. Lọ́dọ̀ tiwa, òjò ló ń pàṣẹ fún odò. Níbẹ̀ yẹn, ọwọ́ ènìyàn ni.

Ohun tó fà á kò ṣòro. Wọ́n fi dáàmù ńlá gba omi òjò àti omi yìnyín tó yọ́, wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ń tú u sílẹ̀ nígbà ooru fún àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin ìrẹsì, ọsàn, àjàrà àti òwú. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ìwọ̀, kí ẹ tó yá ọkọ̀, kí ẹ tó di àgọ́ sẹ́yìn mọ́tò, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: ta ló ń tú omi níbi tí mò ń lọ, báwo ló sì ṣe ń tú u tó lọ́sẹ̀ yìí? Ẹni tó bá mọ ìdáhùn yẹn ti mọ ìdajì ohun tó yẹ kó mọ̀ nípa odò yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ apá ibi tí ẹ ń lọ

Orí odò náà wà ní Peppercorn Hill ní Long Plain, nínú ọgbà ìpamọ́ Kosciuszko, lórí àwọn òkè Snowy ní ìpínlẹ̀ New South Wales. Láti ibẹ̀ dé ibi tó ti wọ odò Murray, nítòsí Boundary Bend, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 1,500 kìlómítà. Kò sì gba ọ̀nà tààrà. Ó kọ́kọ́ dorí kọ gúúsù lọ sí ìhà Adaminaby, ó yà sí ẹ̀bá Cooma, ó wá ṣẹ́rí padà sí àríwá, ó gba Bredbo àti Tharwa kọjá, ó la agbègbè olú-ìlú Canberra já fún ohun tó lé ní 60 kìlómítà, lẹ́yìn náà ló tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, tí kò sì tún wẹ̀yìn mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, odò méjì ni kí ẹ kà á sí.

Odò òkè ni láti orí rẹ̀ dé dáàmù Burrinjuck. Dáàmù kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, Tantangara, tí wọ́n parí ní 1960 lára iṣẹ́ iná mànàmáná àti omi ti Snowy Mountains. Ṣùgbọ́n dáàmù yìí kò sí fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò. Ó ń gba ihò abẹ́ òkè darí èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà lọ sínú adágún Eucumbene, ìyókù tó sì jáde kò tó nǹkan. Àwọn odò kéékèèké bíi Numeralla, Bredbo àti Gudgenby ló ń sọ ọ́ di odò padà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní Tharwa àti ní Canberra, òjò ṣì ni ọ̀gá. Bí òjò ńlá bá rọ̀ ní ìhà Cooma, omi lè dé bá yín lójijì lábẹ́ oòrùn. Bí ọ̀dá bá dá, ẹ lè máa fò láti orí òkúta kan sí òmíràn títí ẹ ó fi dé òdìkejì.

Odò ìsàlẹ̀ ni láti Burrinjuck lọ. Ọdún 1907 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáàmù yìí nítòsí ìlú Yass, 1928 ni iṣẹ́ tó parí. Bí odò bá ti jáde níbẹ̀, ó kọjá lẹ́bàá Jugiong, ó sì pàdé odò Tumut kó tó dé Gundagai. Tumut náà ní dáàmù tirẹ̀, Blowering, tí wọ́n parí ní 1968. Omi tí ẹ bá rí ní Gundagai, dáàmù méjì ló ń bu omi sínú ìkòkò kan náà. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Wagga Wagga, Narrandera, Darlington Point, Hay, Maude àti Balranald. Láàárín Wagga àti Narrandera ni Berembed Weir wà, ògiri kúkúrú tó dábùú odò, tó ń gbé omi sókè kó lè yà sínú ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ lọ sí àwọn oko Leeton àti Griffith, èyí tí omi ti ń gbà láti 1912. Láti Berembed lọ, ńṣe ni odò ń kéré sí i bó ṣe ń lọ, nítorí gbogbo ibi tó ń gbà ni wọ́n ti ń bù ú. Ẹni tó bá rò pé odò máa ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń súnmọ́ ẹnu rẹ̀, kó lọ wo Murrumbidgee ní Balranald.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan oṣù yín

Ẹ rántí pé ìgbà ooru wọn ni oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ìgbà òtútù wọn sì ni oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ.

Bí ẹ bá bi mí, oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ni kí ẹ lọ. Àwọn àgbẹ̀ kò bèèrè omi púpọ̀ mọ́, nítorí náà odò ti rọlẹ̀, ooru ti dínkù, eṣinṣin ti lọ, kò sì sí òfin tó ní kí ẹ má pẹja ńlá. Ìgbà ooru dára fún ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà náà gan-an ni omi máa ń le jù nísàlẹ̀ dáàmù, ejò pọ̀, iná ìgbẹ́ ń halẹ̀, ooru sì lè kọjá ìwọ̀n 40 Celsius ní Hay. Oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá ló ń dá mi lóminú: òjò lè pàdé omi tí wọ́n ń tú, ẹja ńlá sì wà lábẹ́ òfin ìfòfindè. Ní ìgbà òtútù, omi kéré, ó tutù bíi yìnyín, àwọn tó fẹ́ rin etí odò tàbí tó fẹ́ mú edé ńlá ló kù níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ka omi kí ẹ tó kúrò nílé

Ibi tí ọ̀pọ̀ àlejò ti ń ṣì í nìyí. Wọn a wo ojú ọjọ́ lórí fóònù, wọn a rí i pé òjò ò ní rọ̀, wọn a gbéra. Ojú ọjọ́ kò sọ ohunkóhun fún yín nípa odò ìsàlẹ̀.

WaterNSW, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣí tó sì ń ti Burrinjuck àti Blowering, ń gbé ìwọ̀n omi jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn òpó ìwọ̀n wà ní Gundagai, Wagga Wagga, Narrandera, Darlington Point, Hay àti Balranald. Nǹkan méjì ni ẹ ó rí: gíga omi ní mítà, àti iye omi tó ń kọjá lójúmọ́ ní megalitre, ìyẹn lítà mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi gíga omi ìlú kan wé ti ìlú mìíràn, nítorí òpó kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìlà tó ń fi hàn bí omi ṣe ń lọ sókè tàbí sódò láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn ló wúlò jù. Bí ìlà náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ọkàn yín balẹ̀. Bó bá ń gòkè, ẹ wo òpó tó wà lókè èyí tí ẹ ń lọ, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gundagai lónìí ṣì ń bọ̀ wá bá Wagga. Omi tí wọ́n tú ní dáàmù ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó dé Wagga, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó dé Balranald. Àǹfààní ńlá ni èyí: òpó tó wà lókè ń sọ ọ̀la fún yín.

Fún odò òkè, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ wọn, Bureau of Meteorology, ni kí ẹ gbára lé, fún òjò àti fún ìkìlọ̀ ìkún omi.

Wọ́n kì í fi ìkìlọ̀ yẹn ṣeré ní agbègbè yìí, wọ́n sì ní ìdí. Nínú oṣù Kẹfà 1852, odò yìí gbá ìlú Gundagai lọ. Orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ etí odò ni àwọn òyìnbó tẹ ìlú sí, bí àwọn Wiradjuri, onílẹ̀, tilẹ̀ ti kìlọ̀ fún wọn. Nínú bí 250 ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta tó kú. Àwọn ọkùnrin Wiradjuri, pàápàá Yarri àti Jacky Jacky, ló wa ọkọ̀ èèpo igi wọnú òkùnkùn àti omi líle, wọ́n ń kó ènìyàn láti orí igi àti orí òrùlé, wọ́n sì gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ là. Ère wọn wà ní àárín ìlú náà láti 2017, ìlú fúnra rẹ̀ sì ti gòkè lọ sí orí òkè. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ wo bí ilẹ̀ pẹrẹsẹ náà ṣe fẹ̀ tó tí kò sí ilé kan lórí rẹ̀, ẹ ó mọ ibi tí omi ń dé. Ní Wagga, oṣù Kẹta 2012, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò ní àárín ìlú nígbà tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ borí òkìtì ilẹ̀ tó ń dáàbò bò wọ́n. Òkìtì náà kò já.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ gba ìwé tó yẹ

Ní New South Wales, ẹni tó bá ti pé ọdún 18 gbọ́dọ̀ san owó ìpẹja kó tó ju ìwọ̀ sínú omi, yálà ó mú nǹkan tàbí kò mú. Ẹ lè san ti ọjọ́ mẹ́ta, ti oṣù kan, ti ọdún kan tàbí ti ọdún mẹ́ta. Ní agbègbè olú-ìlú Canberra, wọn kì í gba ìwé yìí, ṣùgbọ́n òfin ìwọ̀n ẹja àti ibi tí wọ́n ti tì pa wà níbẹ̀ náà. Bí ẹ bá tẹ̀lé odò láti Canberra lọ sísàlẹ̀, ẹ ó kọjá ààlà láìmọ̀, nítorí náà ẹ san owó náà ṣáájú.

Ọkọ̀ tí ẹ ń fi àjẹ̀ tù kò nílò ìwé. Ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì tó bá ń sáré dé nọ́ọ̀tì 10 (nǹkan bíi kìlómítà 18 àbọ̀ ní wákàtí kan) nílò awakọ̀ tó ní láísẹ́ǹsì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Títu ọkọ̀

Bí ẹ kò bá tíì tukọ̀ rí, ẹ má lọ sí àwọn ibi tí òkúta fún odò mọ́ra ní ìhà Canberra. Red Rocks Gorge, tó wà láàárín Pine Island àti Kambah Pool, dùn ún wò láti orí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, àwọn tó mọ omi líle ló sì yẹ kó wọ̀ ọ́. Ibi tó yẹ ẹni tuntun ni láàárín Gundagai àti Wagga, tí odò ti ń rọra yí kiri láàárín oko màlúù àti igi ńlá. Ẹni tó ní ọjọ́ kan péré lè wọlé ní Oura Beach, lókè Wagga, kó sì jáde ní Wagga Beach.

Bí ẹ bá ń ṣírò ọ̀nà, ẹ má wo ojú títì. Odò yìí ń lọ́ kiri gan-an, ìlú méjì tí mọ́tò ń lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lè gba yín ní ìdajì ọjọ́ lórí omi. Ìyára yín náà wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tú omi: nígbà ooru ẹ lè gbé àjẹ̀ sílẹ̀ kí omi máa gbé yín lọ, nígbà òtútù ẹ ó máa fa ọkọ̀ lórí iyanrìn. Ẹ gbé mọ́tò kan síbi tí ẹ ó ti jáde kí ẹ tó wọ omi. Wàhálà ńlá ni fún ẹni tó dé ìsàlẹ̀ lálẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ wà lókè.

Ewu tó ga jù nínú odò yìí ni igi. River red gum ló pọ̀ létí rẹ̀ (oríṣi yúkálípítọ́ọ̀sì kan náà tí wọ́n gbìn káàkiri apá àríwá Nàìjíríà ni). Bí bèbè bá wó, igi á ṣubú sómi pẹ̀lú ẹ̀ka rẹ̀. Omi ń gba àárín ẹ̀ka náà kọjá, ọkọ̀ àti ènìyàn kò lè kọjá, agbára omi á sì tẹ̀ yín mọ́ ọn. Níbi tí odò bá ti tẹ̀ kọ́rọ́, ẹ̀gbẹ́ ìta ni omi ti le jù, ibẹ̀ náà sì ni igi máa ń wó sí. Ẹ̀gbẹ́ inú, níbi tí iyanrìn wà, ni kí ẹ gbà. Ẹ máa wo iwájú kọjá kọ́nà tó kàn, bí ẹ ò bá sì rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gúnlẹ̀, kí ẹnì kan fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó.

Bí omi bá gbá ọkọ̀ lu igi, ara á fẹ́ sá sẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kó sá. Bí ẹ bá fara kẹ̀yìn sí igi, omi á gun ọkọ̀, á sì dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ fara ti igi náà, ẹ dì í mú. Bí ẹ bá ti ṣubú, ẹ dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ wà níwájú, lójú omi, títí ẹ ó fi dé ibi tó rọ̀. Ẹ má gbìyànjú láti dúró nínú omi tó ń sáré, kí òkúta tàbí gbòǹgbò má baà há ẹsẹ̀ yín mọ́ ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé igi ló wà níwájú tí kò sì sí bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́, ẹ yí padà, ẹ fi orí ṣáájú, ẹ lúwẹ̀ẹ́ lọ bá a pẹ̀lú gbogbo agbára, kí ẹ sì gùn ún lọ sórí kó tó fà yín sábẹ́.

Àwọn ògiri omi bíi Berembed àti èyí tó wà ní Hay, ẹ má kọjá lórí wọn láé, bó ti wù kí wọ́n kéré tó. Omi tó já sísàlẹ̀ ògiri máa ń yí po, ó máa ń dá ohun tó bá bọ́ sí i padà sídìí ògiri léraléra. Ẹ jáde sórí ilẹ̀ nígbà tí ògiri ṣì jìnnà, ẹ ru ọkọ̀ kọjá.

Ẹ wọ ẹ̀wù amúniléfòó, kí ẹ sì dè é dáadáa. Omi mímu, fìlà, fóònù nínú àpò tí omi ò lè wọ̀. Ibi tí fóònù kì í ti gbọ́ pọ̀ lójú odò. Ẹ̀rọ PLB kékeré tó ń ké sí sátẹ́láìtì tọ́ fún ẹni tó ń lọ ju ọjọ́ kan lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹja pípa

Murray cod ni ọba odò yìí. Ó lè gùn ju mítà kan lọ, ó sì lè dàgbà ju ọmọ ènìyàn mélòó kan lọ nínú ilé. Abẹ́ igi tó wó sómi ló ń gbé, nítorí náà ohun tó ń pa atukọ̀ ni apẹja ń wá. Ẹ ju ìwọ̀ sí ẹ̀bá igi náà gan-an, níbi tí omi tó le ti pàdé omi tó rọ̀. Ekòló ńlá, edé àti yabby, ẹ̀yà edé odò kan tó ní ọwọ́ bíi ti alákàn, ló ń fẹ́ jẹ. Àwọn mìíràn ń lo ẹja oníke tó ń gbọ̀n lójú okùn. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ló dára jù. Bí omi bá ń yára gòkè tàbí yára fà nítorí ohun tí wọ́n ṣe ní dáàmù, ẹja máa ń dákẹ́. Ibi tí ìlà òpó ìwọ̀n bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ fún ọjọ́ mélòó kan ni kí ẹ lọ.

Òfin rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án dé ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ mú un. Ìgbà yẹn ló ń yé ẹyin, akọ rẹ̀ ló sì ń ṣọ́ ẹyin náà. Bí ẹ bá gbé akọ kúrò, ẹja mìíràn á jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, èyí tó gùn láti 55 dé 75 sẹ̀ǹtímítà nìkan ni ẹ lè gbé lọ, méjì péré lójúmọ́. Èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sómi, nítorí abo ńlá ló ń yé ẹyin tó pọ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun ọmọ Yorùbá láti dá ẹja ńlá padà sódò kó sì gbé kékeré lọlé, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é. Kí ọwọ́ yín tutù kí ẹ tó dì í mú, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ẹ má so ó kọ́ láti ẹnu nítorí fọ́tò.

Trout cod jọ ọ́, òfin sì dáàbò bò ó pátápátá, bíi ti Macquarie perch. Ẹ wo ẹnu: ti trout cod, ètè òkè yọ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ dá a padà.

Golden perch ló rọrùn jù fún ẹni tuntun, ó sì dùn. Ní odò òkè, trout ni wọ́n ń wá, àwọn odò rẹ̀ máa ń ṣí láti ìparí ọ̀sẹ̀ ìsinmi inú oṣù Kẹwàá dé ti inú oṣù Kẹfà. Edé ńlá tí wọ́n ń pè ní Murray crayfish ní oṣù mẹ́ta péré, Kẹfà sí Kẹjọ, ní àwọn apá tí wọ́n là sílẹ̀ nìkan, èyí tó bá sì ní ẹyin lábẹ́ gbọ́dọ̀ padà. Páńpẹ́ yabby tó ní òrùlé, irú èyí tí wọ́n ń pè ní opera house, ti di èèwọ̀ ní ìpínlẹ̀ náà láti 2021, nítorí platypus, ẹranko odò kan tó gbọ́dọ̀ máa jáde lójú omi láti mí, máa ń wọ inú rẹ̀, kò sì ní rí ọ̀nà jáde mí.

Èyí tí ẹ ó mú jù, bí ẹ fẹ́ bí ẹ kọ̀, ni carp. Àjèjì ni nínú odò náà, ó ń hú ilẹ̀, ó ń mú omi dọ̀tí, àwọn ará ibẹ̀ kò sì fẹ́ rí i. Wọn kì í sábàá jẹ ẹ́. Lójú tèmi, ata tó pọ̀ àti òróró gbígbóná á ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, egungun rẹ̀ nìkan ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ má gbé e láàyè lọ sí omi mìíràn.

Ìgbésẹ̀ keje: Lílúwẹ̀ẹ́

Ní Canberra: Pine Island, Kambah Pool, Casuarina Sands. Nísàlẹ̀: Wagga Beach, tó fi ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ jìnnà sí ọjà ìlú, etí omi oníyanrìn ní Darlington Point, àti Sandy Point ní Hay. Kí ẹ má baà ṣì í rìn, apá kan wà ní Kambah Pool tí ìjọba fún àwọn tó ń wẹ̀ níhòòhò. Àmì wà níbẹ̀. Ẹ kà á kí ẹ tó kó ọmọ àti màmá àgbà lọ.

Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní odò yìí, ohun méjì ló ń ran omi lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni òtútù. Ìsàlẹ̀ dáàmù ni wọ́n sábà máa ń gba tú omi, níbi tí oòrùn kì í dé, nítorí náà ní Gundagai, lọ́jọ́ tí ilẹ̀ ń jó yín lẹ́sẹ̀, omi lè tutù débi tí èémí yóò fi gé lójijì. Ẹ rọra wọ̀ ọ́, ẹ má fò wọ̀ ọ́. Èkejì ni iyanrìn, tí kì í dúró síbì kan. Ibi tó jìn lọ́sẹ̀ tó kọjá lè ti di pẹtẹlẹ̀ iyanrìn, igi tuntun sì lè ti wà lábẹ́ rẹ̀. Okùn tí ẹ bá rí lórí igi tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jù ara wọn sómi, ẹ fi í sílẹ̀.

Ní Wagga, àwọn ènìyàn máa ń rìn lọ sókè, wọn a wọ omi, odò á sì gbé wọn wálẹ̀ dé etí omi. Ó dùn, ẹ̀wù amúniléfòó ni kí ẹ wọ̀ bí ẹ bá ṣe é, kí ẹ sì ti mọ ibi tí ẹ ó ti jáde.

Lẹ́yìn òjò ńlá ní Canberra, ẹ dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Bí omi bá ní àwọ̀ ewé bí ọ̀dà tí wọ́n dà sí i, tó sì ń rùn, èéhọ̀n olóró ni. Ẹ má wọ̀ ọ́, ẹ má jẹ́ kí ajá mu ún. Ìkìlọ̀ nípa rẹ̀ wà níbi kan náà tí WaterNSW ń gbé ìwọ̀n omi sí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Pípàgọ́

Ẹ má pàgọ́ sábẹ́ river red gum. Igi náà máa ń já ẹ̀ka ńlá sílẹ̀ lọ́jọ́ tí atẹ́gùn kankan kò fẹ́, ó sì ti pa ènìyàn. Ẹ wá òjìji tó bọ́ sápá kan, kí igi má wà lókè orí yín gan-an. Àgọ́ náà kò gbọ́dọ̀ wà lórí iyanrìn tó súnmọ́ omi, nítorí ẹni tó ń tú omi kò mọ̀ pé ẹ ń sùn.

Oura Beach àti Jugiong ní ibi tí wọ́n ń gbà kí ènìyàn pàgọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tó pọ̀ létí odò jẹ́ oko ènìyàn. Ẹ béèrè, kí ẹ sì fi géètì sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a. Iná igi di èèwọ̀ pátápátá lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde Total Fire Ban, àwọn oṣù kan sì wà tí àwọn ọgbà ìpamọ́ kò gba iná igi rárá, nítorí náà sítóòfù gáàsì ni kí ẹ gbé.

Nígbà tí ẹ bá ń wá igi ìdáná, ẹ lè rí igi àgbà tó ní àpá gígùn lára, tó rí bí ọkọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn Wiradjuri ti bó èèpo igi ṣe ọkọ̀ látijọ́, irú èyí tí Yarri wà. Òfin dáàbò bò ó. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má dáná sítòsí rẹ̀.

Ejò wà, brown snake pàápàá. Ẹ wọ bàtà nínú koríko. Bó bá bu ẹnì kan ṣán, ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á. Ẹ fi báńdéèjì fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀ di gbogbo apá tàbí ẹsẹ̀ náà le, ẹ fi igi dì í kó má mì, kí onítọ̀hún dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kí ẹ sì pe 000, nọ́ńbà pàjáwìrì wọn. Fún ìkún omi, 132 500 ni nọ́ńbà àwọn SES, iléeṣẹ́ ìrànwọ́ pàjáwìrì ìpínlẹ̀ náà.

Bí ẹ bá ń lọ dé ìsàlẹ̀ pátápátá

Láti Hay lọ, ilẹ̀ tẹ́ bí ẹní, ìlú sì jìnnà síra. Charles Sturt, òyìnbó tó ń wá ọ̀nà inú ilẹ̀ náà kiri, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tún ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá lábala tò pọ̀ nítòsí Maude, wọ́n sì fi àjẹ̀ tù ú dé odò Murray ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní 1830. Igi inú omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìrìn náà dúró fún wọn. Ọdún 1858 ni ọkọ̀ ojú omi elẹ́ńjìnnì ti Francis Cadell gòkè dé Gundagai, ohun tí kò ṣeé ṣe mọ́ lónìí pẹ̀lú gbogbo ògiri tó dábùú rẹ̀.

Ẹ kó oúnjẹ àti omi mímu tó tó láti Hay. Yanga, nítòsí Balranald, tó ti jẹ́ oko àgùntàn ńlá tẹ́lẹ̀, ti di ọgbà ìpamọ́. Ẹ lè dúró sùn níbẹ̀ kí ẹ sì wo ilé ńlá tí wọ́n ti ń rẹ́ irun àgùntàn. Bí ẹ bá jáde sínú odò Murray, ẹ ó rí ìpínlẹ̀ Victoria ní òdìkejì. Omi náà ṣì jẹ́ ti New South Wales títí dé bèbè gúúsù, nítorí náà ìwé ìpẹja yín ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ti Victoria kò sì wúlò lórí rẹ̀.